Kọ̀ǹpútà ní fáìlì kan ò sí mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń lo Windows nílé

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé, ì báà jẹ́ ní Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, tí ìyẹn sì sọ fún un pé fáìlì kan kò sí. Windows 10 àti Windows 11 la gbé ọ̀rọ̀ lé jù. Àwọn ohun tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ jẹ́ ohun tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà, tàbí àṣẹ tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àlàfo inú rẹ̀.

Ṣé ohun kan náà ni gbogbo àṣìṣe "is missing" tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde?

Rárá o. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yọjú ló máa kọ́kọ́ sọ ibi tí wàhálà wà, kódà kí ẹ tó ka orúkọ fáìlì. Bó bá jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ló kọ̀ láti ṣí, tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣe Windows yín. Ohun tí ètò yẹn fẹ́ lò ni kò rí. Bó bá jẹ́ àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ RunDLL sí lórí ló ń yọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọlé, àjẹkù ohun tí wọ́n ti yọ kúrò ni. Bí Start ò bá ṣí, tí Settings ń ṣí tó tún ń pa dé fúnra rẹ̀, tí ètò mẹ́ta mẹ́rin ń dárúkọ fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fáìlì Windows gan-an ló ti bàjẹ́. Bí ojú dúdú tàbí ojú búlúù bá sì yọ kí Windows tó dé rárá, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ ló dàrú, tàbí kí háàdì-díìsìkì máa kú lọ.

Kí ẹ tó tẹ OK, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Nọ́ńbà inú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí àpẹẹrẹ, 0xc000007b sábà máa ń túmọ̀ sí pé ètò bá fáìlì 32-bit pàdé níbi tó ti ń retí 64-bit (oríṣi méjì tí ọ̀kan ò lè rọ́pò èkejì). Ti 0xc000000f yàtọ̀ pátápátá: Windows ò rí àkọsílẹ̀ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kà. Ẹni tó bá ń fi oògùn ọ̀kan wo èkejì á ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ni fáìlì .dll tiẹ̀ jẹ́?

Ẹ fi í wé odó tó wà láàárín agboolé. Ilé kọ̀ọ̀kan ò gbẹ́ tirẹ̀, gbogbo wọn ló ń gúnyán nínú rẹ̀. Bí odó bá sọnù, ilé tó fẹ́ gúnyán lọ́jọ́ náà ló máa kọ́kọ́ pariwo, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló gbé e. Bákan náà ni ètò tó ń pariwo lójú kọ̀ǹpútà yín: kì í sábà jẹ́ òun ló ṣẹ̀.

Inú C:\Windows\System32 àti C:\Windows\SysWOW64 ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Orúkọ wọn máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: lórí Windows 64-bit, System32 ló ń kó fáìlì 64-bit sí, SysWOW64 ló sì ń kó ti 32-bit sí. Èyí wà lára ìdí tí fífi ọwọ́ da fáìlì sínú fódà wọ̀nyí fi máa ń dá kún wàhálà.

Ta ló wá ń gbé fáìlì lọ? Mi ò pa nǹkan kan rẹ́.

Iná ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Windows kì í kọ gbogbo nǹkan sórí díìsìkì lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó díẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì ná, kó tó wá kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iná bá lọ ní àárín ìgbà yẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ lọ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni kí iná lọ nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ń sọ pé "Working on updates", torí fáìlì Windows tó pọ̀ gan-an ló ń pààrọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí ẹ ń lò lórí iná tààrà, kò sàn ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun náà á kú pì.

Lẹ́yìn iná, háàdì-díìsìkì tó ti gbó. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń rà jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan ní ọ́fíìsì òkè òkun kó tó dé ọwọ́ wa, díìsìkì tó bá a wá náà ló sì tún wà nínú rẹ̀. Bí ojú ibì kan lórí díìsìkì bá bàjẹ́, fáìlì tó bá wà níbẹ̀ kò ṣeé kà mọ́, Windows á sì sọ pé ó sọnù tàbí pé ó bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ètò tí wọ́n ti kíráàkì. Ẹni tó bá já àgádágodo ètò kan sábà máa ń pààrọ̀ fáìlì .dll rẹ̀ kan sí ti ara rẹ̀. Àǹtí-fáírọ́ọ̀sì á rí fáìlì yẹn, á gbé e tì mọ́lé, ètò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun ò rí i. Ẹ̀dà Windows tí ẹnì kan ti gé kúrú kó lè fúyẹ́ náà ń dá irú ẹ̀ sílẹ̀, torí ohun tí wọ́n gé dànù lè jẹ́ ohun tí ètò yín nílò lọ́la.

Ìkẹrin ni ọwọ́ ara wa. Àyè tán lórí C:, ẹnì kan rí fódà WinSxS tó tóbi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan fódà yẹn. Ibẹ̀ ni Windows ń kó ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń mú òmíràn jáde bí èyí tó wà níta bá bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó dín kù, àṣẹ yìí ló ń ṣe é láìbá nǹkan jẹ́ (inú Command Prompt lẹ máa tẹ̀ ẹ́ sí, a máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa ṣí i nísàlẹ̀):

DISM /Online /Cleanup-Image /StartComponentCleanup

Kí ni kí n ṣe kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun?

Ẹ kó iṣẹ́ yín jáde. Windows ṣeé tún gbé sórí ẹ̀rọ; iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìworòkò tàbí ìwé ìṣirò ṣọ́ọ̀bù ní Ìjerò kò ṣeé tún rà. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń wọlé, ẹ so díìsìkì ìta tàbí fíláàṣì mọ́ ọn, kí ẹ kó Documents, Desktop, Pictures àti Downloads sí i. Ẹ má gbàgbé pé ohun tó wà lójú Desktop wà lórí C:. Òun gan-an ló máa ń bá fọ́ọ̀mátì (pípa gbogbo ohun inú díìsìkì rẹ́) lọ jù.

Bí kò bá wọlé mọ́, ọgbọ́n kan wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹ wọ ojú ìtúnṣe Windows (a máa ṣàlàyé bí ẹ ṣe máa débẹ̀), ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ notepad, kí ẹ tẹ Enter. Nígbà tí Notepad bá ṣí, ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Open, kí ẹ yí Text Documents tó wà nísàlẹ̀ sí All Files. Fèrèsé kékeré tó ṣí yẹn á jẹ́ kí ẹ rí gbogbo díìsìkì. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún eku lórí fódà yín, ẹ yan Copy, ẹ lọ sínú fíláàṣì, ẹ yan Paste. Kì í fi hàn yín bí ó ṣe ń kó o lọ, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ó ti dúró. Ẹ fún un láyè.

Ètò kan ní òun ò rí MSVCP140.dll tàbí VCRUNTIME140.dll. Ṣé Windows mi ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò bàjẹ́. Fáìlì méjèèjì yìí wá láti inú àkójọ tí Microsoft ń pè ní Visual C++ Redistributable, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àṣìṣe tó rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹ lọ sí orí ìkànnì Microsoft fúnra rẹ̀, kí ẹ mú vc_redist.x64.exe (ti 64-bit) àti vc_redist.x86.exe (ti 32-bit). Bí ẹ bá tẹ aka.ms/vs/17/release/vc_redist.x64.exe sínú búráúsà, ó ń gbé ti àkọ́kọ́ jáde tààrà. Ẹ fi x86 rọ́pò x64 fún ìkejì. Méjèèjì pọ̀ kò tó MB 50.

Méjèèjì lẹ máa gbé sórí ẹ̀rọ, kódà bí Windows yín bá jẹ́ 64-bit. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣe é ní ìdajì: wọ́n á gbé x64 nìkan sí i, ètò tí wọ́n fẹ́ lò á sì jẹ́ 32-bit, àṣìṣe á ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á wá ní àtúnṣe náà kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá ní ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yan Repair. Lẹ́yìn náà ẹ yan Restart, ẹ má kàn pa á kí ẹ tún un tàn, torí Fast Startup kì í jẹ́ kí Windows bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ bí ẹ bá kàn pa á.

Nọ́ńbà ara orúkọ fáìlì ló ń sọ ẹ̀dà tí ẹ máa wá. MSVCR100.dll jẹ́ ti Visual C++ 2010, MSVCR110.dll jẹ́ ti 2012, MSVCR120.dll jẹ́ ti 2013. Èyí tó ní 140 jẹ́ ti 2015 títí wá sí ìsinsìnyí, ọ̀kan ṣoṣo ló sì bo gbogbo wọn. Ẹ̀dà tuntun kì í rọ́pò ti 2010 tàbí 2013. Kálukú ló ń dá dúró. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí mẹ́fà méje wọn nínú àkójọ ètò yín. Ẹ má yọ wọn kúrò nítorí pé ẹ rò pé wọ́n ń gba àyè.

Géèmù ní òun ò rí d3dx9_43.dll tàbí XINPUT1_3.dll ńkọ́?

DirectX àtijọ́ ni, ìyẹn ohun tí géèmù fi ń gbé àwòrán jáde. Windows 10 àti 11 ní DirectX tuntun nínú, ṣùgbọ́n fáìlì àtijọ́ yìí kò sí níbẹ̀. Ẹ wá DirectX End-User Runtimes ti June 2010 lórí ìkànnì Microsoft. Ó tó bí MB 95. Ó máa kọ́kọ́ bi yín pé fódà wo ni kí òun tú ara òun sí. Ẹ ṣí fódà òfìfo kan fún un, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹ tẹ DXSETUP.exe. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró síbi títú yẹn, wọ́n á rò pé ó ti parí.

Ó sì ní mfplat.dll ló sọnù.

Ẹ wò ó bóyá Windows N lẹ ń lò. Settings, System, About á sọ fún yín. Ẹ̀dà N kò ní ètò orin àti fídíò nínú. Nínú Settings, ẹ wá Optional features, kí ẹ fi Media Feature Pack kún un.

Ṣé mi ò kàn lè wá fáìlì yẹn nìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n jù ú sínú System32?

Ẹ má ṣe é. Ìkànnì tó ń pín .dll lọ́kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà lókè pátápátá tí ẹ bá wá orúkọ fáìlì náà, òun ló sì ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tó lè fi dá yín lójú pé ohun tí wọ́n kọ sí i lára ló wà nínú rẹ̀, fáìlì .dll sì jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe bó ṣe wí. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e sínú yàrá. Bó tilẹ̀ mọ́, ó lè jẹ́ ẹ̀dà tó ti pẹ́, tàbí kó jẹ́ 32-bit lẹ gbé sí ipò 64-bit. Ibẹ̀ ni 0xc000007b ti ń wá. Fáìlì tó sọnù kì í sì í sábà dá lọ. Bí ẹ bá fi MSVCP140.dll nìkan síbẹ̀, VCRUNTIME140.dll á pariwo, lẹ́yìn rẹ̀ VCRUNTIME140_1.dll.

Bákan náà ni regsvr32 tí wọ́n máa ń ní kí ẹ tẹ̀. Kì í ṣe gbogbo .dll ló ń gba irú ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Bó bá sọ pé òun ò rí DllRegisterServer nínú fáìlì náà, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Fáìlì yẹn ò ní in láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àpótí RunDLL ń yọ ní gbogbo òwúrọ̀: "The specified module could not be found". Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Ìròyìn rere ni ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àǹtí-fáírọ́ọ̀sì ti pa fáìlì burúkú kan, tàbí ẹ ti yọ ètò kan kúrò, ṣùgbọ́n ìwé ìpè rẹ̀ ṣì wà lára ohun tí Windows ń ṣí ní òwúrọ̀. Ẹ wo orúkọ àti fódà tó dá nínú àpótí náà. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo Startup. Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ wo Task Scheduler. Bó bá ṣì fara pamọ́, Microsoft ní ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Autoruns: ohun tí fáìlì rẹ̀ kò sí mọ́, á kọ "File not found" sí i, á sì fi àwọ̀ yẹ́lò kùn ún. Ẹ yọ àmì iwájú rẹ̀ kúrò. Ẹ má wá fáìlì náà padà rárá.

Fáìlì Windows fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Báwo ni mo ṣe ń lo sfc àti DISM, àṣẹ méjì tó ń tún fáìlì Windows ṣe?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé iná tó wà nílẹ̀ á pẹ́: kí bátìrì láptọ́ọ̀pù kún, tàbí kí jẹnẹrétọ̀ ní epo. Ẹ tẹ cmd sínú ibi ìwárí, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún eku lórí Command Prompt, kí ẹ yan Run as administrator. Bí ẹ ò bá yan èyí, kò ní gbà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Bó bá ti parí, ẹ tẹ:

sfc /scannow

Bí ẹ ṣe máa tò wọ́n nìyẹn, ìdí sì wà. Inú àká ẹ̀dà Windows ni sfc ti ń mú fáìlì tó dára. Bí àká náà bá ti bàjẹ́, sfc á sọ pé apá òun ò ká a. DISM ló ń tún àká ṣe. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti sfc sábà máa ń padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

DISM lè dúró sí ojú kan fún ìgbà pípẹ́, ní 20% tàbí 62.3%. Kò tíì kú. Lórí háàdì-díìsìkì àtijọ́, ó lè gbà ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ má pa fèrèsé náà.

Nígbà tí sfc bá parí, ẹ ka ohun tó kọ:

"Did not find any integrity violations": fáìlì Windows pé. Wàhálà yín wà níbòmíràn. Ẹ padà sí ètò tó ń ké.

"Found corrupt files and successfully repaired them": ó ti tún un ṣe. Ẹ yan Restart, kí ẹ tún sfc ṣe lẹ́ẹ̀kan láti fi mọ̀ pé ó dúró. Bó bá tún rí òmíràn tó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, díìsìkì tàbí mẹ́mọ́rì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

"Found corrupt files but was unable to fix some of them": ẹ tún DISM ṣe, lẹ́yìn rẹ̀ sfc. Orúkọ fáìlì tó kọ̀ wà nínú C:\Windows\Logs\CBS\CBS.log.

"Could not perform the requested operation": ẹ wọ Safe Mode (ìgbà tí Windows ń ṣí pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan) kí ẹ ṣe é níbẹ̀.

Dátà mi ò pọ̀. Èló ni èyí máa jẹ?

sfc kì í jẹ dátà rárá. DISM ló ń lọ sí Windows Update láti mú fáìlì wá, kò sì sí bí a ṣe lè dá iye rẹ̀ sọ, torí bí ìbàjẹ́ bá ṣe tó ni. Bí kò bá rí ohun tó ń wá, á gbé 0x800f081f jáde.

Ọ̀nà tí kì í jẹ dátà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ gba ISO Windows (fáìlì ńlá kan tí gbogbo Windows wà nínú rẹ̀) lọ́dọ̀ ẹni tó ti ní in, bí ẹ bá mọ̀ pé orí ìkànnì Microsoft ló ti mú un, tó sì jẹ́ ẹ̀dà kan náà pẹ̀lú tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á fúnra yín, ó tó GB 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó di òru bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ní dátà òru. Ẹ tẹ ISO náà lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí bíi díìsìkì. Ká ní E: ni wọ́n fún un, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tí ẹ̀dà yín (Home tàbí Pro) wà nínú rẹ̀:

dism /Get-WimInfo /WimFile:E:\sources\install.wim

Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà yẹn rọ́pò 1 tó gbẹ̀yìn níbí:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth /Source:wim:E:\sources\install.wim:1 /LimitAccess

Bó bá jẹ́ install.esd ló wà nínú fódà sources, bí èyí tí Media Creation Tool (ètò Microsoft tó ń ṣe ISO àti fíláàṣì Windows) máa ń ṣe, ẹ yí wim sí esd níbi gbogbo tó ti jẹyọ gẹ́gẹ́ bí irú fáìlì.

ISO yẹn kan náà tún wúlò fún ohun tó lágbára jù. Bí sfc àti DISM bá kùnà, ẹ tẹ setup.exe inú rẹ̀ láti inú Windows, kí ẹ yan "Keep personal files and apps". Gbogbo fáìlì Windows á di tuntun, iṣẹ́ yín àti ètò yín á sì wà níbẹ̀. Àwa a máa dá èyí lábàá kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ fọ́ọ̀mátì. Ẹ rí i pé C: ní àyè tó GB 20 ó kéré tán.

Kò tiẹ̀ wọ Windows mọ́. Ó kọ "BOOTMGR is missing", tàbí 0xc000000f, tàbí pé winload.efi ò sí.

Ẹ yọ gbogbo fíláàṣì àti káàdì mẹ́mọ́rì tó wà lára rẹ̀ ná, kí ẹ tún un tàn. Kọ̀ǹpútà tó ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti inú fíláàṣì orin máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí kò bá lọ, ẹ wọ ojú ìtúnṣe. Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bí àmì Windows bá yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó máa gbé Automatic Repair jáde. Bí kò bá gbé e jáde, ẹ ṣe fíláàṣì Windows lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn pẹ̀lú Media Creation Tool. Fíláàṣì náà gbọ́dọ̀ tó GB 8, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì parẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀, kí ẹ yan Repair your computer, ẹ má yan Install.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Troubleshoot, Advanced options, kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú Startup Repair. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ápdéètì ló bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìyànjú Uninstall Updates. Lẹ́yìn náà ni Command Prompt.

Ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn ohun tó ń ti díìsìkì pa. Nọ́ńbà 48 tó tò léra ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ní Windows 11 ló ti ti díìsìkì ara rẹ̀ láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, kí ẹ fi ímeèlì tí ẹ fi ń wọ Windows wọlé síbẹ̀. Nọ́ńbà náà sábà máa ń wà níbẹ̀.

Nínú Command Prompt, ẹ tẹ diskpart, lẹ́yìn rẹ̀ list volume. Ẹ fara balẹ̀ wò ó, torí pé lẹ́tà díìsìkì lè yí padà níbí: ohun tí ẹ mọ̀ sí C: lè di D:. Ẹ wá apá kékeré kan tí wọ́n kọ FAT32 sí, tó sábà máa ń jẹ́ MB 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ká ní Volume 3 ni, tí Windows yín sì wà lórí C:, ẹ tẹ ìwọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

select volume 3
assign letter=S
exit
bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Bó bá kọ "Boot files successfully created", ẹ yọ fíláàṣì kí ẹ tún un tàn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò lo UEFI (ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀) kò ní apá FAT32 yìí. Fún un, ẹ lo bootrec /fixmbr, bootrec /fixboot, lẹ́yìn náà bootrec /rebuildbcd. Bí ẹ bá lo bootrec /fixboot lórí UEFI, "Access is denied" ló sábà máa ń dáhùn. Ẹ má bá a jà, bcdboot ni kí ẹ lò.

Láti ojú ìtúnṣe yìí náà, sfc ṣeé lò báyìí:

sfc /scannow /offbootdir=C:\ /offwindir=C:\Windows

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé díìsìkì ló ń kú?

Ẹ fetí sí i. Háàdì-díìsìkì tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, tó ń dúró tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ti ń lọ nìyẹn. SSD (díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú) kì í dún. Ó lè kàn parẹ́ lójijì. Ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ Get-PhysicalDisk, kí ẹ wo HealthStatus. Èyí tó sàn jù ni CrystalDiskInfo, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bó bá kọ Caution lórí háàdì-díìsìkì, ẹ wo nọ́ńbà 05, C5 àti C6. C5 ń sọ iye ojú ibi tí díìsìkì ò rí kà mọ́. Bó bá ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ kan dé èkejì, ẹ ra òmíràn.

Lórí irú díìsìkì bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe chkdsk C: /r kí ẹ tó kó iṣẹ́ yín jáde. Àṣẹ yẹn máa ń ka gbogbo ojú díìsìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, aláìsàn tó ti rẹ̀ gan-an ò sì lè gbé e. Kíkó jáde ni àkọ́kọ́.

Aago kọ̀ǹpútà mi ń padà sí ọdún àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án gan-an. Bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù ló ti tán: CR2032, fóòtì 3. Bí ọjọ́ bá ti yàtọ̀, ìkànnì ò ní ṣí dáadáa, Windows Update àti DISM náà ò sì ní rí ohun tí wọ́n ń wá. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ètò inú BIOS (ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù kí Windows tó dé) lè padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Bí UEFI bá yí sí Legacy (ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́), tàbí tí AHCI yí sí RAID (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀), Windows ò ní bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáìlì kankan ò sọnù. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ dá ètò BIOS padà sí bó ṣe wà.

Gbogbo fáìlì inú fíláàṣì mi ló di shortcut.

Wọn ò sọnù, fáírọ́ọ̀sì ló fi wọ́n pamọ́. Ẹ má tẹ shortcut náà. Bí fíláàṣì bá jẹ́ E:, ẹ tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* nínú Command Prompt, ẹ kó fáìlì yín jáde, ẹ fi àǹtí-fáírọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ wá fọ́ọ̀mátì fíláàṣì náà.

Windows 7 ni mò ń lò.

Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Bí ètò tuntun bá ń wá api-ms-win-crt-runtime-l1-1-0.dll lórí rẹ̀, ápdéètì tó ń jẹ́ KB2999226 ni ẹ máa wá. Windows 10 náà, ìtìlẹ́yìn gbogboogbò rẹ̀ parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà), mẹ́mọ́rì GB 4 àti àyè GB 64, nítorí náà ẹ yẹ ẹ̀rọ yín wò kí ẹ tó ra dátà fún un.

Mo ní sítébíláísà. Ṣé kò tó fún ọ̀rọ̀ iná?

Kò tó. Sítébíláísà ń mú kí iná wọlé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. UPS ló ní bátìrì nínú. UPS 650VA á gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sì fi ìṣẹ́jú yẹn tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ. Ẹ má rò pé ẹ fẹ́ fi parí iṣẹ́. Ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé léésà mọ́ ọn, ó máa fa bátìrì náà tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ tí àrá ń sán lórí àwọn òkè wa, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé swíìṣì nìkan.

Mo fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ fi àwòrán àṣìṣe náà hàn án, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú: iná lọ, ápdéètì wọlé, tàbí ètò tuntun dé. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ bá jẹ́ fọ́ọ̀mátì, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe DISM àti sfc, bóyá ó ti wo ìlera díìsìkì, àti ibi tó fẹ́ kó iṣẹ́ yín sí. Windows tuntun lórí díìsìkì tó ń kú kò ní pẹ́ tí á fi padà síbi tó wà, owó méjì lẹ sì máa san. Bó bá ti parí, ẹ ní kó ṣí Documents yín, kó ṣí ètò tó ń ké tẹ́lẹ̀, kó sì tún sfc /scannow ṣe níwájú yín, kí ẹ tó sanwó.